Ọwọ́ Tó Gbé Agboòrùn Sókè

Abúlé Ìdí-Ẹ̀mì,
Lọ́nà Ọ̀dẹ́dá,
Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn òjò.

Àràmídé ọmọ mi,

O kú iṣẹ́ o, o kú ìrìn, o kú ìfaradà ìlú Èkó. Kí ọkọ rẹ gba kíkí, kí Hephzibah ọmọ-ọmọ mi gba tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí o fà á ní etí díẹ̀ kó lè mọ̀ pé èmi ni mo kí i. Ọlọ́run tó jẹ́ kí n rí bébà kọ lẹ́tà yìí kò ní jẹ́ kí o wá owó ọkọ̀ tì lójú títì. Gbogbo ibi tí o bá tò sí lórí ìlà, á kàn ọ́ kí wọ́n tó sọ pé ó ti tán. Àmín. Ìyá rẹ ṣe àmín náà, ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ti òun ló ròkè jù.

Ara ìyá rẹ le. Orúnkún ń dùn ún, ṣùgbọ́n ẹnu ò dùn ún. Ewúrẹ́ tí o fi sílẹ̀ fún wa ti bí ìbejì, ọ̀kan dà bí alága ìjọ wa lójú, a ò tíì lè sọ fún un. Wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ìkórè ọdún yìí nítorí pé mo ka sẹ́kọ́ńdírì jáde, mo sì ti sọ ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé nù, ìwọ nìkan ni mo sọ fún.

Bóyá o ó máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí bàbá mi fi kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù tí mo gbọ́ ohùn rẹ, gbogbo ohun tí mo ní lọ́kàn á fò lọ, màá kàn máa bi ọ́ bóyá o ti jẹun, kí ọ̀rọ̀ gidi tó dé ẹnu mi obìnrin inú fóònù yẹn á ti já lu ọ̀rọ̀ wa pé owó mi ti tán. Mo ti kí i títí, mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n parí gbólóhùn kan péré, kò dá mi lóhùn rí. Ọ̀rọ̀ yìí sì ju gbólóhùn kan lọ.

Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni, Timothy Ọládipọ̀, bàbá àgbà rẹ tí o kò bá láyé. O mọ ìtàn agboòrùn, mo ti fi sú ọ. Olóyè Jedidiah Akínrẹ̀mí, nígbà tó jẹ́ olórí orílẹ̀-èdè yìí, wá fi òkúta ìpìlẹ̀ ilé ìwòsàn lélẹ̀ ní abúlé wa níbí, òjò dé lójijì, kò sí ẹni tó rántí mú agboòrùn nínú àwọn tó tẹ̀lé e, ni bàbá mi, káfíńtà lásán, bá fò jáde láàárín èrò, ó ṣí agboòrùn tirẹ̀ bo olóyè lórí títí ètò fi parí. Mo ṣì ń rákò nígbà náà. Bàbá mi fúnra rẹ̀ kò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn yìí fún mi títí ó fi kú, ẹnu àwọn ará abúlé ni mo ti ń gbọ́ ọ, bí mo bá sì bi í, á ní kí n lọ bá òun wá ìṣó. Èmi ni mo wá ń sọ ọ́ kiri. Mo sọ ọ́ níléèwé, mo sọ ọ́ ní ìpàdé ìjọ, òun ni mo fi fẹ́ ìyá rẹ.

Wàyí o, wọ́n ti sọ ilé Olóyè Akínrẹ̀mí tó wà lẹ́yìn Òkè-Ìlewó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n kó aṣọ rẹ̀, bàtà rẹ̀, mọ́tò rẹ̀ àti àwọn àwòrán rẹ̀ síbẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè máa wò ó. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìjọ wa ló sọ fún mi pé àwòrán ọjọ́ òkúta ìpìlẹ̀ yẹn wà lára ògiri, pé òun rí agboòrùn. Oorun dá lójú mi. Mo ní bí ayé bá máa wo bàbá mi lára ògiri, kí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo bá lọ nìyẹn, Àràmídé, orúkọ bàbá mi.

Ìyá rẹ ní a kì í fi ọwọ́ òfìfo lọ sílé ẹni ńlá, pé bí ẹni ńlá náà bá ti kú, ṣé àwọn ará ilé rẹ̀ náà ti kú ni. Mo gbé iṣu mẹ́ta. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mùtíù ló wà lẹ́nu ọ̀nà, òun ló ń ṣọ́nà, òun náà ló ń mú àlejò kiri inú ilé. Ó ní bàbá, wọn kì í gbé oúnjẹ wọlé síbí. Mo ní èmi kọ́ ni mo fẹ́ jẹ ẹ́, onílé ni mo gbé e wá fún. Ó ní onílé ti kú. Mo ní mo mọ̀, mo ka ìwé. Ó wò mí, ó wo iṣu, ó gbé e sórí pẹpẹ, ó so nọ́ńbà mọ́ ọn, ó fún mi ní ìkejì nọ́ńbà náà. Kí n má purọ́, ọkàn mi ò balẹ̀, nítorí inú gíláàsì ni gbogbo nǹkan wà nínú ilé yẹn, ẹ̀rù ń bà mí pé bó bá di ọdún tó ń bọ̀, àwọn ọmọ iléèwé á máa tò wá wo iṣu tí ẹnì kan gbé wá láti Ìdí-Ẹ̀mì.

Ojú dúdú kan tó rí roboto wà ní igun òrùlé. Mùtíù ní òun ni wọ́n fi ń rí gbogbo ẹni tó bá wọlé. Mo bi í pé ta ni ń wò wá, ó ní ọ̀gá àwọn ni, obìnrin kan, ó wà lókè. Mo bá ṣí fìlà, mo kọjú sí i, mo ní ẹ kú àbójútó ilé o, ẹ kú inú ire. Ó dà bíi pé kò gbọ́, mo tún un sọ. Mùtíù ní bàbá, ẹ jẹ́ á máa lọ.

Nínú pálọ̀, wọ́n gbẹ́ ère Olóyè jókòó sórí àga, wọ́n fi agbádá rẹ̀ gan-an wọ̀ ọ́, wọ́n dé fìlà rẹ̀ fún un, wọ́n fi awò ojú rẹ̀ sí i lójú. Má rò pé bàbá rẹ gọ̀. Mo mọ̀ pé ère ni. Ṣùgbọ́n mo dúró níbẹ̀, mo ń rò ó pé agbádá yẹn kì í ṣe ère, fìlà yẹn kì í ṣe ère, ara olóyè ti wọ ọ́ rí, bí mo bá wá kọjá lórí ìdúró, ta ni mo rí fín? Mo dọ̀bálẹ̀. Àwọn tíṣà mẹ́rin kan ń bọ̀ lẹ́yìn mi, wọ́n rí i pé àgbàlagbà wà nílẹ̀, ojú tì wọ́n láti dúró, ni àwọn ọkùnrin inú wọn bá dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀. Mùtíù ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọn ò kí bàbá náà tó báyìí rí.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan ni wọ́n lẹ bébà pélébé kan mọ́, ó kún fún àmì dúdú àti funfun wínníwínní bí àdìrẹ tí ẹni tó ń kánjú ya. Mùtíù ní bí mo bá na fóònù sí i, á sọ gbogbo ìtàn àwòrán náà fún mi. Mo na tèmi, èyí tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí. Kò sọ nǹkan kan. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i bóyá kò ríran dáadáa ni. Ọ̀kan nínú àwọn tíṣà yẹn ní bàbá, fóònù yín ò ní ojú. Mo ní ó ní etí, ìtàn ni mo fẹ́ gbọ́, kí ni mo fẹ́ fi ojú ṣe? Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí à ń rín.

Ibẹ̀ ni mo ti rí àwòrán náà. Olóyè bẹ̀rẹ̀ mọ́ òkúta, èrò pọ̀ lẹ́yìn, agboòrùn ńlá dúdú wà lórí rẹ̀, ọkùnrin kan gbé e dání. Mo wá ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ̀ rẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ Olóyè, wọ́n kọ orúkọ kọmíṣánnà, wọ́n kọ orúkọ òyìnbó dókítà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí kò ṣe nǹkan kan ju pé ó ń rín ẹ̀rín lọ. Wọ́n wá kọ pé, ẹni tó di agboòrùn mú, a kò mọ̀ ọ́n.

A kò mọ̀ ọ́n. Bàbá mi tó kan àga ìjọ, tó kan pósí fún ìdajì abúlé.

Mo jẹ́wọ́, Àràmídé. Bírò ìkórè wà nínú àpò mi. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo gbàgbé pé ojú wà lókè, mo sì kọ ọ́ sára bébà náà pé Timothy Ọládipọ̀ ni, káfíńtà, ọmọ Ẹ̀gbá Òkè-Ọnà. O mọ bí lẹ́tà mi ti ń tóbi tó. Orúkọ nìkan ni bébà gbà, iṣẹ́ rẹ̀ àti ìlú rẹ̀ wọ ara ògiri. Mùtíù figbe ta, ó ní yéè, bàbá yìí ti pa mí, wọ́n máa lé mi lẹ́nu iṣẹ́ lónìí. Kí n tó dé bírò, ọ̀gá wọn ti sọ̀kalẹ̀ láti òkè.

Ìyáàfin Olúkẹ́mi ni wọ́n ń pè é, kò jù ọ́ lọ. Mo ti to gbogbo èébú tí màá fi dá tirẹ̀ padà sílẹ̀, ni ọmọ náà bá kúnlẹ̀, ó ní ẹ káàbọ̀ sà, ẹ kú ìrìn, mo rí yín nígbà tí ẹ kí mi. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ó ní inú àwọn máa ń dùn bí ẹnì kan bá mọ ẹni tó wà nínú àwòrán, ṣùgbọ́n ìdílé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti wá kí n tó dé, kálukú ní bàbá òun ni, ọ̀kan tilẹ̀ gbé agboòrùn dání wá. Ó ní kí n jókòó, ó fún mi ní dígí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó ní kí n fi ara balẹ̀ wò ó, kí n sọ ohun tí mo fi mọ̀ ọ́n.

Etí agboòrùn bo ojú ọkùnrin náà. Àgbọ̀n rẹ̀ nìkan ló hàn, àti bùbá, àti ọwọ́. Mo wo ọwọ́ náà. Ọwọ́ òsì ni. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kò gbé nǹkan kan, ó kàn ń fì ni.

O mọ irú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi. Bí mo bá na ọwọ́ òsì sí àgbà, rúlà bàbá mi á ti dé ẹ̀yìn ọwọ́ mi kí n tó fà á padà. Bí mo bá fi ju egungun sí ajá, á ní ṣé mo fẹ́ bú ajá ni. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa wá fi ọwọ́ òsì na agboòrùn bo olórí orílẹ̀-èdè lórí, lójú ẹni tó ń ya àwòrán? Ìyáàfin Olúkẹ́mi bi mí bóyá ó dá mi lójú. Ẹnu mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Inú mi ò dáhùn. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù, ó ní kí àtọmọdọ́mọ ẹni inú àwòrán náà kan kọ ọ́, kí a sì mú ẹnì kan tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà wá. Mo ní kí Mùtíù máa gbé iṣu lọ sílé fún ẹ̀bẹ̀. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ wá bá òun nu ògiri. A nù ún, kò lọ.

Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni oúnjẹ ò dùn lẹ́nu mi. Mo ń rò ó pé agboòrùn ẹlòmíràn ni mo fi ń yangàn láti kékeré. Nígbà tí mo sọ fún ìyá rẹ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé irọ́ ni mo fi fẹ́ ẹ, ó ní ta ló fẹ́ mi nítorí agboòrùn, pé kẹ̀kẹ́ tí mo ní nígbà náà ni òun rí. Ó ní kí n yéé dà á rò, kí n lọ bá Ìyá Miriam.

Ìyá Miriam ni àbúrò bàbá mi obìnrin, òun nìkan ló kù nínú wọn, ó wà ní Láfẹ́nwá lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, mo ní ọwọ́ òsì ni mo rí, kì í ṣe bàbá mi. Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní Túbọ̀sún, òmùgọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ta ló sọ fún ọ pé ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi bí bàbá rẹ?

Ó ní òun wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọlọ́wọ́ òsì sì ni bàbá mi láti inú oyún wá. Òsì ló fi ń di òòlù, òsì ló fi ń fa ayùn. Ọjọ́ tí òjò yẹn rọ̀, kò dúró ronú, ọwọ́ tí Ọlọ́run fún un ló yára. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò àwọn ẹni ńlá ti ń lọ tán ni àwọn àgbààgbà abúlé pè é jókòó, wọ́n ní ó ti dójú tì wọ́n, pé ó na ọwọ́ òsì sí olórí orílẹ̀-èdè, pé wọ́n ti yà á sínú àwòrán, ayé á rí i pé Ìdí-Ẹ̀mì ò lẹ́kọ̀ọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Àwọn ọmọdé ń kọrin tẹ̀lé e kiri. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ló ti mú aṣọ, ó di ọwọ́ òsì mọ́ ìbàdí ara rẹ̀ bó bá ń ṣiṣẹ́, títí ọwọ́ ọ̀tún fi kọ́ṣẹ́. Ìyá Miriam ní ìjókòó tó kọ́kọ́ fi ọwọ́ ọ̀tún kàn wọ́ débi pé adìẹ ò lè dúró lórí rẹ̀. Ó wá wò mí, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní àwọn tó ń sọ ìtàn agboòrùn fún ọ nígbà kékeré, yẹ̀yẹ́ bàbá rẹ ni wọ́n ń ṣe, ìwọ lo sọ ọ́ di oyè.

Ìdí tó fi máa ń ní kí n lọ bá òun wá ìṣó nìyẹn.

Àràmídé, ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn ọ́ la dé yìí, ó sì wúwo lọ́wọ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọ́ nígbà tí o kọ́kọ́ mú pẹ́ńsù, òsì lo fi mú un. Mo fi áńkáṣíìfù mi so ọwọ́ rẹ mọ́ àga. O sunkún títí oorun fi gbé ọ lọ lórí àga náà. Ọdún méjì gbáko ni lẹ́tà rẹ fi ń ṣubú, tí tíṣà ń sọ pé orí rẹ ò pé, mo sì ń sọ fún ara mi pé ẹ̀kọ́ ni mo ń kọ́ ọ bí bàbá mi ti kọ́ mi. Mi ò mọ̀ pé ìtìjú ọkùnrin kan ni mo ń fi lé ọ lọ́wọ́. Nígbà Àjíǹde tó kọjá, Hephzibah na ọwọ́ òsì láti gba bisikíìtì lọ́wọ́ mi, mo fà á sẹ́yìn, mo ní ọwọ́ ire dà. O wò mí. O gbé ọmọ rẹ wọlé. Mo ṣì ń rí bí o ti wò mí. Mi ò mọ bí bàbá ṣe ń bẹ ọmọ, wọn ò kọ́ wa níléèwé, ṣùgbọ́n mo ṣẹ̀ ọ́, má bínú. Mo ti kọ ọ́, mi ò ní pa á rẹ́.

Ìyá Miriam ti gbà láti lọ jẹ́rìí. Ó ní ohun kan ni o: bí wọ́n bá máa kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n òun, kí wọ́n kọ ọ́ pẹ̀lú pé ọlọ́wọ́ òsì ni, kí ẹnikẹ́ni má tún fi aṣọ dì í. Mo ti bi ara mi bóyá bàbá mi á fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó gbé e mọ́ra títí ó fi kú. Mi ò mọ̀. Mo rò ó, mo tún un rò. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi í lé ọ lọ́wọ́, ìwọ tí ọ̀rọ̀ náà pa lára jù.

Fọ́ọ̀mù náà wà nínú àpòòwé yìí. Mo ti kọ èyí tí mo lè kọ. Ibi tí wọ́n ti bèèrè í-meèlì, mo kọ pé kí wọ́n já a sílẹ̀ lábẹ́ igi ẹ̀mì, àwọn awakọ̀ mọ ibẹ̀. Ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé fún ọ́fíìsì nìkan, mo fi í sílẹ̀ fún ọ, ìwọ lo ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì.

Kí o jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Ìyá Miriam ní òun ò gun ọ̀kadà lọ jẹ́rìí, ọkọ̀ tí wọ́n lè ti fèrèsé rẹ̀ ni òun máa wọ̀. Ó sì kù kí n ra ọ̀dà funfun fún ògiri Mùtíù. Ṣùgbọ́n fi í rán awakọ̀ Láfẹ́nwá, má fi í sínú fóònù. Èyí tí o fi ránṣẹ́ kẹ́yìn, ọmọbìnrin onípíọ́ọ̀sì ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, mo jókòó sórí àpótí dè é títí di ìrọ̀lẹ́, mo wá bi í bóyá ọ̀nà ibi tó lọ jìn.

Ó ku ìlà kan lórí fọ́ọ̀mù tí mi ò fọwọ́ kàn. Wọ́n ní, báwo ni ẹ ṣe mọ ẹni tó wà nínú àwòrán yìí? Bí o bá rò pé kí a jẹ́ kí ó sinmi, fi ìlà náà sílẹ̀ lófìfo, mi ò ní bi ọ́. Bí o bá sì gbà, kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ la fi mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ tí o kọ́kọ́ fi mú pẹ́ńsù ni kí o fi kọ ọ́. Bó bá wọ́, jẹ́ kó wọ́.

Ọlọ́run á bùkún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, ọmọ mi. Méjèèjì ni mo wí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Túbọ̀sún Ọládipọ̀.